Ẹsẹ̀ Mi Nínú Omi

Bí ìgbà ìwọ́wé bá ti wọlé, kò sí ọjọ́ Àìkú tí ilé wa kì í gun òkè. Jaouad ọkọ mi ní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tó fi ń gbé fìríìjì àwọn oníbàárà lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún un ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, a ó kó fìríìjì jáde, a ó kó ọmọ wọlé. Èmi á di búrẹ́dì, ẹyin sísè àti ólífì sínú agbọ̀n, Jaouad á máa yẹ táyà wò bí ẹni tó fẹ́ lọ sí Mẹ́kà, Ghita tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì á sì ti ju bàtà ẹsẹ̀ kan nù kí a tó jáde ní àdúgbò. Láti Meknes, ìlú tí à ń gbé, títí dé igbó kédárì Azrou lórí òkè, kọ́nà ló kún ojú ọ̀nà, Anouar ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, ò sì lè gùn ún kó má bì. Mo máa ń mú ọ̀rá dání fún un. Bó bá bì tán, á nu ẹnu, á ní, "Mama, ó ti tán. Ẹ fún mi ní ẹyin."

Ibẹ̀ dùn, mi ò ní parọ́. Ewé á ti pọ́n rúsúrúsú lórí igi, á máa já bọ́ sórí ọkọ̀ wa, atẹ́gùn tútù á máa ta ni létí. Àwọn ọ̀bọ á sọ̀ kalẹ̀ wá tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ àlejò. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìyá ọ̀bọ kan já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ Ghita, Ghita figbe ta, Anouar sì lọ dúró níwájú ọ̀bọ náà, ó na ìka sí i.

"Ìwọ ọ̀bọ yìí, o ò sọ pé jọ̀ọ́."

Jaouad rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ọkùnrin náà mọ ẹ̀rín-ín rín. Ẹ̀rín rẹ̀ ni mo tìtorí rẹ̀ fẹ́ ẹ, nítorí nílé bàbá mi, ẹni tó bá rẹ́rìn-ín á ṣàlàyé ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹni tó bá lè rẹ́rìn-ín báyẹn kò lè fi nǹkan pamọ́ sínú. Ẹ ò rí ọgbọ́n orí mi.

Tí a bá ń bọ̀, a ó yà ní El Hajeb, nílé Lalla Tamou, ìyá ọkọ mi. Á ti se kúsíkúsì elégédé sílẹ̀, á ti to ìrọ̀rí yí tábìlì ká. Ìyá náà fẹ́ràn mi, tàbí kí n sọ pé ó fẹ́ràn ọwọ́ mi, torí aránṣọ ni mí, gbogbo jàlámíà tó fi ń yan lọ sí ibi ìnáwó, èmi ni mo rán an. Níwájú àwọn aládùúgbò, "ọmọ mi" ló máa ń pè mí. Bó bá ku àwa méjèèjì, mo di "ìyàwó Jaouad." Mo mọ ìyàtọ̀ rẹ̀, mi ò sì bínú. Ìyá ọkọ ni ìyá ọkọ ń jẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Wọn ò tíì kọ Anouar nílà.

Ní ilẹ̀ tiwa, a kì í kọ ọmọ nílà ní ìkókó. Ọmọ á ti máa sáré, á ti máa bá àgbà jiyàn, á ti mọ ohun tí abẹ ń ṣe, kí wọ́n tó gbé e fún olóólà. Lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n kọ Zouhair, ọmọ Saâdia, àbúrò Jaouad. Anouar wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ ló ṣe. Wọ́n gbé Zouhair wọ yàrá pẹ̀lú àwọn ọkùnrin. Saâdia dúró láàárín ọgbà ilé Lalla Tamou, ó ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ inú báàfù omi tútù, bí gbogbo ìyá ṣe máa ń ṣe níbi tiwa kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè dá, kí ara ọmọ lè tutù. Kò yọ ẹsẹ̀ náà títí wọ́n fi ké láti yàrá pé ó ti parí. Àwọn obìnrin ń lu ìlù, wọ́n ń ké igbe ayọ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ igbe Zouhair. Anouar gbọ́ ọ.

Nínú ọkọ̀, nígbà tí à ń lọ sílé, ó ní, "Mama, kí ló dé tí Àǹtí Saâdia ki ẹsẹ̀ bọ omi?"

"Kí ara lè tu Zouhair ni."

"Wọ́n mọ̀ pé wọ́n fẹ́ gé Zouhair?"

"Wọ́n mọ̀."

"Wọn ò sì sọ fún un? Zouhair ní wọ́n ní òun ń lọ gun ẹṣin ni."

Mo ní kó sùn. Láti ọjọ́ yẹn ni ọmọ mi ti yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé. Bí mo bá mú sáàsì láti gé aṣọ, á jáde ní yàrá. Bí mo bá ní kó wẹ̀, kí a jáde, á wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní ọjọ́ kan mo wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà tọ̀ ọ́ lọ, àwa méjèèjì sùn sínú eruku níbẹ̀, mo sì bá a dá májẹ̀mú.

"Anouar, ọjọ́ tó bá kàn ẹ́, ẹnu èmi lo ó ti gbọ́ ọ. Èmi ni mo máa di ọwọ́ rẹ mú. Bí mi ò bá tíì sọ fún ẹ, a jẹ́ pé kò sí nǹkan tó ń bọ̀."

Ó rò ó. Ọmọ náà máa ń ro nǹkan bí adájọ́. "Tí ẹ bá ní a fẹ́ lọ ṣeré, eré náà ni?"

"Eré náà ni."

Ó jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láti ìgbà yẹn, kí a tó lọ sí ibikíbi, á kọ́kọ́ wá bi mí, èmi á dá a lóhùn, á sì lọ wọ bàtà rẹ̀. Kò tún tọ̀ sílé mọ́. Àwọn ìyá mìíràn ní wúrà, wọ́n ní ilé. Èmi ní ọmọ kan tó jẹ́ pé bí mo bá ti sọ ọ́, ó ti rí bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Mi ò fẹ́ fi ìyẹn ṣeré rárá, mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún Jaouad.

Bí Mọ́lúdì, ọdún ìbí Ànábì, ṣe ń sún mọ́lé ní ìgbà ìwọ́wé yẹn ni Lalla Tamou gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ lórí kúsíkúsì.

"Mọ́lúdì ń bọ̀ o," ló wí, ó ń ti ẹran sí iwájú Anouar. "Gbogbo ọkùnrin ilé yìí, Mọ́lúdì ni wọ́n kọ wọ́n. Àbí ẹ fẹ́ kí eléyìí hu irùngbọ̀n kó tó jókòó níwájú olóólà?"

Jaouad rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín.

"Màmá, a ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀," ni mo wí. "Ó di ìgbà tí òtútù bá lọ. Ilé ìwòsàn la máa gbé e lọ, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́ tí kò fi ní mọ̀ ọ́n lára. Èmi náà á wà níbẹ̀."

"Ìwọ? Nínú yàrá? Ìyá wo ló ń wọ yàrá?"

"Ìyá tiẹ̀, Màmá."

"Ayé ti bàjẹ́. Àwa tá a ki ẹsẹ̀ bọ omi, ṣé àwọn ọmọ wa kú ni? Jaouad, ṣé o kú ni?"

"Mi ò kú, ìyá mi."

"Bi ìyàwó ẹ wò, bóyá ó wù ú kí o kú."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi gan-an rín in. Ẹnu ìyá náà dùn, ó sì lè fi ẹnu náà pa ni.

Lọ́sẹ̀ yẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ólífì tútù ní Meknes. Iṣẹ́ gbogbo ilé ni. Jaouad ń fi òkúta fọ́ ọ, èmi ń kó o sínú omi kí ìkorò rẹ̀ lè lọ, Anouar ń wá àwọn tó fò wọ abẹ́ àga, Ghita gbé ọ̀kan sẹ́nu, ó sì tu ú sí bàbá rẹ̀ lójú. Nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn, mo bi Jaouad ní ìbéèrè tó ń gbé mi lọ́kàn.

"Ìyá ẹ ò tíì gbà, àbí?"

"Wọ́n ti gbà. Mo bá wọn sọ̀rọ̀ lánàá."

"Wọ́n gbà báwo?"

"Wọ́n ní ìwọ lo bí ọmọ, ohun tó bá wù ẹ́ ni kí o ṣe."

"Lalla Tamou? Lalla Tamou ọ̀hún ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Rabha, wọlááhì." Ó na ọwọ́ lórí abọ́ ólífì, ó di ọwọ́ mi mú, omi ólífì ń kán lọ́wọ́ àwa méjèèjì. "Ó di ìgbà tí òtútù bá lọ. Ìwọ lo máa di ọwọ́ rẹ̀ mú. Jẹ́ kí ọkàn ẹ balẹ̀."

Ọkàn mi balẹ̀. Ọkọ mi ló búra fún mi, kì í ṣe aláròóbọ̀ ọjà. Ọjọ́ kejì ni mo gé aṣọ Mọ́lúdì fún bàbá àti ọmọ, jàlámíà funfun méjì tó bára mu, mo fi òwú aláwọ̀ wúrà ṣe ọrùn wọn. Ojú mi ń ro mí, mi ò sinmi. Mo fẹ́ kí ọmọ mi dára ju gbogbo ọmọ El Hajeb lọ.

A lọ sùn sílé Lalla Tamou nítorí ọdún. Ìyá náà po làálì, ó lé e fún Anouar ní àtẹ́lẹwọ́. Bó bá jẹ́ Anouar nìkan ló lé e fún, ǹ bá fura, torí a máa ń lé làálì fún ọmọ tí wọ́n fẹ́ kọ nílà. Ṣùgbọ́n ó lé e fún Ghita náà, ó tún lé e fún ọmọ aládùúgbò kan tó yà wọlé wá tọrọ iyọ̀. Ìyá náà gbọ́n. Kò sí ẹni tí mo lè bú nítorí pé mi ò fura, àfi ẹni tó gbọ́n jù mí lọ.

Láàárọ̀ ọdún, gbogbo mọ́sáláásí ló ń ké yìn Ànábì, ìlú ń rùn fún bọ́tà àti oyin. A jẹun tán, Jaouad dìde, ó na ara.

"Èmi àti Anouar ń lọ sọ́gbà Ba Allal, a fẹ́ lọ ká ápù. Èyí tó ṣẹ́ kù lórí igi ló dùn jù." Ba Allal ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ilé àti ọgbà rẹ̀ kò jìnnà sí ilé Lalla Tamou.

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ," ni mo wí.

"Ta ló wá máa bá mi fi ẹsẹ̀ tẹ kúbùsù fọ̀?" Lalla Tamou béèrè. "Òtútù ti dé, oòrùn òní dára, ẹsẹ̀ mi sì ti di ẹsẹ̀ arúgbó."

"Lọ́jọ́ ọdún, Màmá?"

"Ṣé ọdún ní kí òtútù má mú mi ni?"

Anouar wá síwájú mi nínú jàlámíà funfun rẹ̀, fìlà pupa lórí, sálúbàtà yẹ́lò lẹ́sẹ̀. Mo ní kó bọ́ aṣọ náà, kó má baà kó ẹrẹ̀ ọgbà. Jaouad ní, "Fi í sílẹ̀, ọdún ni." Ọmọ náà gbójú sókè sí mi.

"Mama, ọgbà náà ni?"

Mo wo Jaouad. Jaouad ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nínú àpò tó ti wò lẹ́ẹ̀kan.

"Ọgbà náà ni," ni mo wí. "Ká èyí tó pupa jù fún Ghita."

Ó fẹnu kò mí lọ́wọ́, ó sì tẹ̀ lé bàbá rẹ̀.

Lalla Tamou ti pọn omi sínú báàfù ńlá láàárín ọgbà ilé. Omi kànga ni, ó tutù débi pé eyín mi ń ro mí. Mo ká aṣọ sókè, mo kó ẹsẹ̀ mi méjèèjì lé kúbùsù onírun àgùntàn náà nínú omi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Lalla Tamou gbé àpótí wá, ó jókòó tì mí. Ó gbé tẹ̀sùbáà lé itan kan, ó gbé fóònù rẹ̀ lé ìkejì. Ìyá yìí kan náà ni a máa ń wá fóònù rẹ̀ nínú àpò ìyẹ̀fun. Mo rí i, mo sì fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Màmá, ṣé ọba ló fẹ́ pè yín ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Mo ń tẹ kúbùsù, mo ń kọrin sí Ghita tó ń lé adìẹ kiri. Nígbà tó ṣe, ẹsẹ̀ mi ò mọ ohun tó ń tẹ̀ mọ́.

"Màmá, ó ti mọ́ o."

"Kò tíì mọ́. Tún un tẹ̀."

"Omi ti ń mọ́ gaara."

"Tún un tẹ̀, mo ní."

Ghita sáré lọ sí ẹ̀bá kànga. Mo gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti jáde lọ mú un. Lalla Tamou já tẹ̀sùbáà sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá mi ní kókósẹ̀ mú, ó sì tì í padà sínú omi.

"Má yọ ẹsẹ̀ ẹ."

Mo wò ó. Ghita ti kúrò ní ẹ̀bá kànga, ó ti ń lé adìẹ padà. Ètè rẹ̀ ń ka Bísímílà léraléra. Mi ò rí i rí kí ènìyàn di ẹsẹ̀ ẹlòmíràn mú báyẹn nítorí kúbùsù. Ibi tí mo dúró sí yìí gan-an ni Saâdia dúró sí lọ́dún tó kọjá, báàfù náà sì ni. Mo wo ilẹ̀kùn ọgbà, mo rí i pé wọ́n ti tì í, kò sì sí kọ́kọ́rọ́ lára rẹ̀.

"Màmá, níbo lọmọ mi wà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ Ba Allal."

"Kí ni wọ́n ń fi í ṣe?"

"Dúró síbẹ̀, ìyàwó Jaouad. Tó o bá kórìíra èmi, má kórìíra ọmọ ẹ. Abẹ ti wà lára rẹ̀ báyìí. Fi ẹsẹ̀ sínú omi."

Ẹ wo ohun tí wọ́n fi mí ṣe. Ìyá náà ò lè jẹ́ kí wọ́n kọ ọmọ ọmọ rẹ̀ nílà láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ ki ẹsẹ̀ bọ omi, ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ń bà á. Nítorí náà ó jí ẹsẹ̀ mi lò, bí ẹni jí agboorùn. Mo fẹ́ gbá báàfù náà dànù. Mo fẹ́ gun ògiri. Ṣùgbọ́n ìyá mi ki ẹsẹ̀ bọ omi fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi, ìyá rẹ̀ náà ṣe é, ta ni èmi tí màá yọ ẹsẹ̀ nígbà tí abẹ wà lára ọmọ mi, kí ẹ̀jẹ̀ wá kọ̀ kó má dá? Mo dúró síbẹ̀. Omijé ń bọ́ sínú báàfù, mo sì dúró síbẹ̀, Lalla Tamou di kókósẹ̀ mi mú bí ẹni di ewúrẹ́ mú.

Fóònù dún. Ó gbọ́, ó ní, "Àlùhámúdùlílà," ó sì ké igbe ayọ̀. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn láti ìta, àwọn obìnrin sì tú wọlé pẹ̀lú ìlù àti àwo ìpanu, Saâdia ló ṣáájú. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ti wà látàárọ̀. Gbogbo El Hajeb ló mọ̀. Èmi tí mo lóyún rẹ̀ nìkan ni mi ò mọ̀.

"Ọmọ mi, o kú oríire," ni Lalla Tamou wí níwájú gbogbo wọn.

Mo sáré jáde láìwọ bàtà.

Nílé Ba Allal, wọ́n tẹ́ Anouar sórí tìmùtìmù, jàlámíà funfun tí mo rán ti ní ẹ̀jẹ̀ níwájú. Jaouad jókòó tì í, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo kúnlẹ̀, mo pe orúkọ ọmọ mi. Ó wò mí pẹ́, bí ẹni ń wo ẹni tí kò mọ̀ rí.

"Ẹ ní ọgbà ni," ló wí. Lẹ́yìn náà, ó kọjú sí ògiri.

Mo fa Jaouad jáde sí ẹ̀yìnkùlé, sábẹ́ àwọn igi ápù tí ẹnikẹ́ni ò ká.

"Rabha, ó ti parí. Kò sí nǹkan tó ṣe é. Ọwọ́ olóólà náà dára."

"O búra fún mi."

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Ojoojúmọ́ ni ìyá mi ń sunkún sí mi létí. Wọ́n ní àwọn máa kú láìrí i."

"O di ọwọ́ mi mú, Jaouad, o sì búra."

"Tí mo bá sọ fún ẹ, ṣé o máa gbà?"

"Mi ò ní gbà."

"Ṣó o wá rí i?"

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó jàre. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Mo ti máa ń gbọ́ ọ, mo rò pé àwọn tí kò mọ ọkọ yàn ni wọ́n ń bá wí.

Ojú ọgbẹ́ jiná kíákíá, mi ò lè sọ pé kò jiná. Wọ́n ra kẹ̀kẹ́ fún un, kí òtútù tó mú dáadáa ó ti ń gùn ún ká òpópónà wa ní Meknes. Ólífì inú omi pàdánù ìkorò rẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Èmi àti Jaouad ń sọ̀rọ̀ nípa búrẹ́dì, nípa gáàsì, nípa eyín tó ń hù lẹ́nu Ghita. Ó ń pa àwàdà, mo ń gbọ́. Inú mi bàjẹ́ débi pé nígbà mìíràn, mo máa ń dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, màá sì jókòó láìṣe nǹkan kan.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ti Anouar. Kò tún bi mí ní ìbéèrè mọ́. Bí mo bá ní, "Wọ bàtà, a fẹ́ lọ ra ẹja," á yíjú sí bàbá rẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹja náà ni?" Bí bàbá rẹ̀ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á wọ bàtà. Mo rò ó, kò yé mi. Bàbá yìí ló gbé e lọ, bàbá yìí ló dì í mú fún olóólà. Kí ló dé tó jẹ́ èmi lọmọ náà ń bínú sí?

"Ọmọdé ni," Jaouad ní. "Á gbàgbé."

Nígbà tí ìgbà ìwọ́wé ń parí lọ, ó ní kí a gun òkè lẹ́ẹ̀kan sí i kí yìnyín tó dí ọ̀nà. A gbé Lalla Tamou ní El Hajeb. Mo ti ń wá ibi tí màá ti dárí ji ọkọ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ọkàn kan kì í lè gbé ìbínú nìkan kó tún máa se oúnjẹ, kó máa ránṣọ, kó máa wẹ ọmọ. Nínú igbó kédárì, a tẹ́ ẹní. Ghita ń kó ewé, Lalla Tamou jókòó nínú ọkọ̀ nítorí atẹ́gùn, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Mo bó ẹyin, mo na án sí Anouar. Kò gbà á.

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Anouar, gbọ́ mi. Lọ́jọ́ ápù yẹn, mi ò mọ̀. Nígbà tí mo sọ pé ọgbà ni, mo rò pé ọgbà ni."

"Bàbá ní ẹ mọ̀."

"Bàbá ní kí ni?"

"Mò ń pè yín. Mò ń ké Mama, Mama, kí ẹ wá. Bàbá ní kí n dákẹ́, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n ṣe é. Wọ́n ní ẹ ti wà nínú omi. Mo sì bi ìyá àgbà, wọ́n ní òótọ́ ni, ẹsẹ̀ yín wà nínú omi."

Kì í ṣe pé Jaouad kàn tàn mí. Nígbà tí ọmọ mi ń ké pè mí lábẹ́ abẹ, orúkọ mi ni ó fi pa á lẹ́nu mọ́.

Mo dìde. Jaouad dúró pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò sí ẹ̀rín kankan lójú rẹ̀.

"Sọ fún un," ni mo wí.

"Rabha, àwọn èèyàn ń wò wá."

"Sọ fún un pé irọ́ lo pa. Sọ ọ́ báyìí, kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ."

Ó wo ọmọ. Ó wo inú ọkọ̀, níbi tí ìyá rẹ̀ wà. Lalla Tamou ń tún kúbùsù orúnkún rẹ̀ ṣe.

"Irọ́ wo?" ni Lalla Tamou béèrè, ohùn rẹ̀ tutù. "Ṣé ẹsẹ̀ ẹ ò sí nínú omi ni?"

Mo dúró de ọkọ mi. Mo rò pé bó ti wù kó burú tó, á sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan péré ni. Anouar náà ń dúró, ojú rẹ̀ ń lọ láti ọ̀dọ̀ mi sí ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀. Jaouad bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ká ẹní.

"Òjò ń bọ̀," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Mo gbé Ghita pọ̀n. Mo mú agbọ̀n mi. Àwọn takisí tó ń lọ sí Meknes máa ń dúró nísàlẹ̀ ibẹ̀, mo sì rí ọ̀kan tí àyè ṣì wà nínú rẹ̀. Mo na ọwọ́ sí ọmọ mi ọkùnrin.

"Anouar, jẹ́ ká máa lọ."

"Níbo?"

"Ilé. Ilé wa ni."

Ó wo ọwọ́ mi, ó rò ó bó ṣe máa ń ro nǹkan.

"Mi ò gbà yín gbọ́," ló wí. Kò bínú rárá bó ṣe sọ ọ́. Ó gun ọkọ̀ bàbá rẹ̀, ó jókòó ti ìyá àgbà rẹ̀, ó sì fa ilẹ̀kùn náà pa.